Ẹ Bi Àǹtí Géèmù: Akọni Ti Lórúkọ, Kí Ló Wá Ń Ṣe?

Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí pọ̀, ẹ ṣé gan-an. Ẹkún kan náà ló pọ̀ jù nínú wọn: ẹni tó fẹ́ ṣe géèmù jókòó ti kọ̀ǹpútà, ó ń wò ó, kọ̀ǹpútà náà ń wò ó, kò sí ohun tó jáde. Mo ṣa díẹ̀ nínú wọn dáhùn. Ẹni tí kò bá rí tirẹ̀ kó má bínú. Ẹ̀yin tí ẹ ní kí n bá yín wá olówó tó máa náwó sí géèmù yín, mo ti rí i o. Èmi náà ń wá tèmi.

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún 23 ni mí, Òṣogbo ni mò ń gbé. Láti ọdún tó kọjá ni mo ti fẹ́ ṣe géèmù lórí ogun Kírìjì. Mo ti kọ ìtàn rẹ̀ kún ìwé méjì. Mo ti ya akọni mi, mo fún un lórúkọ, mo kọ oríkì rẹ̀, mo mọ ìlú ìyá rẹ̀, mo sì mọ ìdí tí kì í fi í jẹ ẹran ìgalà. Àmọ́ bí mo bá ti ṣí Godot, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe géèmù, ọwọ́ mi á kú. Mi ò mọ ohun tí màá kọ́kọ́ ṣe. Wọ́n ní kí n sinmi, mo sinmi, ibi tí mo fi í sí náà ni mo padà bá a. Àbí mi ò lẹ́bùn ẹ̀ ni? — Ọmọ Ọ̀ṣun

ÌDÁHÙN: Ọmọ Ọ̀ṣun, àbúrò mi, ẹni tó mọ ẹran tí akọni rẹ̀ kì í jẹ, orí onítọ̀hún ò gbẹ. Ìwé ìtàn lo kọ, o wá jókòó ò ń retí kó sọ ara rẹ̀ di géèmù. Mo ka lẹ́tà rẹ tán, mo tún un kà, mi ò rí ibi kan tí o ti sọ ohun tí ẹni tó mú fóònù dání máa fi àtàǹpàkò rẹ̀ ṣe. Ṣé yóò sá ni? Ṣé yóò gbẹ́rù? Ṣé yóò fara pamọ́? Bí o kò bá tíì dáhùn ìyẹn, ọwọ́ rẹ á máa kú ni, torí Godot ò mọ oríkì. Ohun tó ń bi ọ́ ni pé tí wọ́n bá tẹ bọ́tìnì, kí ló máa ṣẹlẹ̀.

Jẹ́ kí n sọ ti Alexey Pajitnov fún ọ. Lọ́dún 1984, ó ń ṣiṣẹ́ ní Moscow, níbi ìwádìí kọ̀ǹpútà tó wà lábẹ́ Akadẹ́mì Sáyẹ́ǹsì ti Soviet. Ó fẹ́ràn eré kan tí wọ́n ń pè ní pentomino: ègé kéékèèké ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ onígun mẹ́rin márùn-ún tí wọ́n so pọ̀, ìwọ ni wàá tò wọ́n títí wọ́n á fi kún inú àpótí láìsí àlàfo. Pajitnov fẹ́ gbé e sórí kọ̀ǹpútà. Ó dín márùn-ún kù sí mẹ́rin, ó ku oríṣi ègé méje péré, ó wá ní kí wọ́n máa já bọ́ látòkè lọ́kọ̀ọ̀kan. Elektronika 60 tó ń lò ò lè ya àwòrán kankan, lẹ́tà àti àmì ìkọ̀wé nìkan ló lè gbé sójú, ló bá fi àmì àkámọ́ ya àwọn ègé náà. Tetris dé nìyẹn. Kò sí akọni níbẹ̀, áńbọ̀sì ìlú ìyá akọni. Yí i, sún un sọ́tùn-ún, sún un sósì, jẹ́ kó bọ́. Ó ti lé ní 40 ọdún, a ṣì ń gbá a.

Ní Japan ńkọ́, ọdún 1980, Toru Iwatani tó wà ní ilé iṣẹ́ géèmù Namco rí i pé ìbọn yíyìn ló kún gbogbo ilé géèmù, ọkùnrin ló sì kún ibẹ̀. Ó ń wá ohun tí àwọn obìnrin náà máa fẹ́ wá gbá, ó mú ọ̀rọ̀ jíjẹ. Ẹnu kan ń jẹ, iwin mẹ́rin ń lé e, iwin kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìwà tirẹ̀. Pac-Man nìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Pac-Man mọ̀ pé kò sí ìtàn gígùn kan tí wọ́n kọ́kọ́ sọ fún yín kí ọwọ́ yín tó yá.

Wàyí o, Kírìjì tìrẹ. Ogun tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, tí àwọn àgọ́ ò tú ká títí di 1893. Ṣé o ti jókòó ro ìyẹn wò? Kò sẹ́ni tó lè fi ọdún 16 yìnbọn láìsinmi. Àgọ́ Ìbàdàn wà níhìn-ín, àgọ́ Èkìtì Parapọ̀ wà lọ́hùn-ún, òkè ló yí wọn ká. Wọ́n ń jẹun lójoojúmọ́. Ẹ̀tù ń tán. Òjò ń rọ̀ sórí èyí tó kù. Àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà ní Èkó ń ra ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́ sílé, ọ̀nà Oǹdó ni ẹrù náà ń gbà. Ìró ìbọn wọn ni wọ́n sì sọ pé ó fún ogun náà lórúkọ, kí-rì-jì, kí-rì-jì, tí ẹni tó wà lẹ́yìn òkè á gbọ́ kó tó rí èéfín.

Nínú gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ yẹn, mélòó ni iṣẹ́ tí ọwọ́ lè ṣe? Mo rí i kí èèyàn gbẹ́rù. Mo rí i kí èèyàn tẹ́tí. Mo rí i kí èèyàn pín oúnjẹ tí kò tó. Mú ẹyọ kan. Bó bá jẹ́ èmi, àwọn aláàárù ojú ọ̀nà Oǹdó ni màá mú. Aláàárù kan lè gbé iṣu, ó lè gbé ẹ̀tù, kò lè gbé méjèèjì. Bí ẹ̀tù bá pọ̀ jù, ebi á pa àgọ́. Bí iṣu bá pọ̀ jù, àwọn Ìbàdàn á sún mọ́ ọn sí i. Òfin kan péré nìyẹn, ó sì ti ń yọ mí lẹ́nu báyìí bí mo ṣe ń kọ ọ́, èyí tó jẹ́ àmì tó dára.

Má ṣí Godot lónìí. Ya ọ̀nà kan sórí bébà láti Èkó dé ìdí òkè, pín in sí ìdúró bíi mẹ́jọ. Wá ẹ̀wà funfun, ìyẹn ni iṣu. Ẹ̀wà pupa ni ẹ̀tù. Pe ọ̀rẹ́ rẹ tó ní kí o lọ sinmi yẹn, òun ni Ìbàdàn. Ẹ gbá a. Tó bá sú yín, yí òfin kan padà, ẹyọ kan o, kí ẹ tún gbá a. Tí ẹ bá yí mẹ́ta padà lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ ò ní mọ èyí tó tún un ṣe tàbí èyí tó bà á jẹ́. Akọni rẹ tí kì í jẹ ìgalà, fi í pamọ́ ná. Ó lè padà wá di olórí àwọn aláàárù. Bó bá dé ibi tí kò sí ohun mìíràn láti jẹ lójú ọ̀nà ju ẹran ìgalà lọ ńkọ́? Ìgbà yẹn ni èèwọ̀ rẹ̀ á wúlò fún ẹni tó ń gbá géèmù, torí ó ti di ìpinnu tó gbọ́dọ̀ ṣe.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n mi, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni mí ní Ìbàdàn. Gbogbo èrò tó bá wá sí mi lọ́kàn, bí mo bá ti wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n ti ṣe é. Mo ro géèmù oko, ó ti wà. Mo ro ti ẹja pípa, ó ti wà. Mo ro ti ẹni tó ń se ọbẹ̀, ó ti wà, mẹ́wàá ẹ̀. Ó ti wá sú mi débi pé mi ò ronú mọ́. — Ó-ti-wà

ÌDÁHÙN: Ó-ti-wà, ta ló rán ọ níṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì? Èrò tí kò tíì pé ọjọ́ kan láyé, o ti gbé e lọ síwájú adájọ́. Fún un ní ọ̀sẹ̀ kan kí o tó wá ẹnikẹ́ni tó jọ ọ́.

Whot tí gbogbo wa ń gbá, William Henry Storey, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló gbé e jáde lọ́dún 1935. Káàdì ti wà láyé tipẹ́tipẹ́ kó tó ṣe tirẹ̀. Lónìí, lọ bá àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbá a ní Mọ́kọ́lá, kí o sọ fún wọn pé Whot kì í ṣe ti Nàìjíríà, kí o wá wo bí wọ́n ṣe máa lé ọ kúrò nídìí tábìlì pẹ̀lú General Market lórí.

Ohun tí mo máa ń ṣe tí orí mi bá ṣe bíi tìrẹ ni pé màá mú géèmù tí mo mọ̀ dunjú, màá yọ òfin kan kúrò tàbí kí n dorí rẹ̀ kodò. Jẹ́ ká mú Snake, tí Taneli Armanto ṣe fún Nokia ní 1997, èyí tí gbogbo ọmọ tó bá rí fóònù bàbá rẹ̀ jí gbé fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti gbá. Ejò yẹn ń jẹ, ó ń gùn, kò gbọdọ̀ kọlu ara rẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ó ń kúrú ńkọ́? Tí ìrù ẹ̀ bá jẹ́ ìlà àwọn mọ́tò tó ń tò fún epo bẹntiróòlù ńkọ́, tí ìwọ sì jẹ́ ẹni tó ń tọ́jú ìlà, tí ẹnì kan ṣáà ń fẹ́ já wọ àárín? Nísinsìnyí ìrù náà kì í ṣe ìdènà mọ́, òun lò ń dáàbò bò. Mo yí ohun kan péré padà, a sì ti jìnnà sí Nokia.

Bí Arvi Teikari ará Finland ṣe rí géèmù rẹ̀, Baba Is You, náà nìyẹn. Géèmù kí èèyàn máa ti àpótí kiri ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Teikari sọ òfin géèmù náà fúnra rẹ̀ di ohun tí èèyàn lè tì. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ níbẹ̀ pé ògiri jẹ́ ìdènà. Bí o bá ti ọ̀rọ̀ kan kúrò nínú gbólóhùn yẹn, ògiri ò dí ọ lọ́nà mọ́, wàá kọjá láàárín rẹ̀. Ibi game jam kan, ìpàdé ọlọ́jọ́ díẹ̀ tí àwọn èèyàn ti ń sáré ṣe géèmù, ló ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ìyẹn Nordic Game Jam ti 2017, ó sì tà á fún gbogbo ayé ní 2019. Satoshi Tajiri ẹ̀wẹ̀, kòkòrò ló ń mú kiri nígbà èwe rẹ̀ ní ẹ̀bá Tokyo. Nígbà tó rí okùn tí wọ́n fi ń so ẹ̀rọ géèmù Game Boy méjì pọ̀, ó ro ó pé kòkòrò ń rìn kọjá nínú okùn náà láti ọ̀dọ̀ ọmọ kan dé ọ̀dọ̀ ọmọ kejì. Pokémon jáde ní 1996. Kíkó kòkòrò jọ, ó ti wà. Pípààrọ̀ nǹkan láàárín ọmọdé, ó ti wà.

Iye tí èèyàn ṣe náà ní ohun tó ń ṣe. Ilé iṣẹ́ Rovio ní Finland ti ṣe géèmù 51 kí Angry Birds tó jáde lọ́dún 2009, èyí tó bẹ̀rẹ̀ láti inú àwòrán àwọn ẹyẹ kan tí inú ń bí, tí wọn ò lẹ́sẹ̀, tí wọn ò níyẹ̀ẹ́. Ìwọ ń sunkún lórí ẹyọ mẹ́ta tí o kò tilẹ̀ ṣe. Lọ ṣe ti ẹni tó ń se ọbẹ̀ yẹn. Àwọn mẹ́wàá tó ti ṣe é, èwo nínú wọn ni iná ti lọ nígbà tí ẹ̀gúsí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dì?

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí Géèmù, mo kí yín. Olùkọ́ ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde, mo sì dá ẹgbẹ́ kọ̀ǹpútà sílẹ̀ fún àwọn ọmọ JSS. Kọ̀ǹpútà mẹ́ta ló ń ṣiṣẹ́, iná kì í sábà wà. Tí mo bá ní kí wọ́n wá èrò géèmù, bọ́ọ̀lù àti ìbọn ni wọ́n ń kọ wá. Ọmọ tí kò bá rí nǹkan kọ á kàn máa ka pákó àjà. Kí ni mo lè ṣe sí i? — Bàbá Olùkọ́

ÌDÁHÙN: Ẹ̀yin Olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o, Ọlọ́run á máa ràn yín lọ́wọ́. Kọ̀ǹpútà mẹ́ta yẹn ò tíì kan ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ tí ẹ bá fi sídìí kọ̀ǹpútà kó tó ní èrò, àwọ̀ ojú ọ̀run ló máa fi odindi ọ̀sán yàn.

Ìbéèrè tí ẹ ń bi wọ́n ló fẹ̀ jù, ẹ dákun. “Ẹ wá èrò géèmù” ò ní ibi tí ọmọ lè dì mú. Lọ́dún 2005, ní Carnegie Mellon University ní Amẹ́ríkà, akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin fi ara wọn sí ìhámọ́: ẹnì kan ni yóò dá géèmù kọ̀ọ̀kan ṣe, kò gbọdọ̀ ju ọjọ́ méje lọ, àkòrí kan ni wọn yóò sì tẹ̀ lé. Sáà ẹ̀kọ́ kan péré, géèmù tí wọ́n ṣe lé ní 50. Ọ̀kan nínú wọn, Tower of Goo ti Kyle Gabler, ló padà di World of Goo tó jáde ní 2008. Nígbà tí Global Game Jam bẹ̀rẹ̀ ní 2009, àwọn náà ò fún èèyàn ju wákàtí 48 àti àkòrí kan lọ. Ẹni tí wọ́n ti sé ọ̀nà mọ́ nìkan ló máa ń wá ojú fèrèsé.

Ẹ wá abọ́ méjì. Ẹ gé bébà kéékèèké. Nínú abọ́ kìíní, iṣẹ́ tí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ ń ṣe: tì, so pọ̀, pamọ́, pín, dọ́gba, tẹ́tí, dádúró. Nínú abọ́ kejì, ibi tàbí nǹkan tí àwọn ọmọ ń rí lójoojúmọ́. “Ìbọn” àti “bọ́ọ̀lù” ò gbọdọ̀ wọ inú abọ́ kankan. Ọmọ kọ̀ọ̀kan á mú ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún, wọn ò sì ní lè pààrọ̀ rẹ̀, bó ti wù kí ẹkún pọ̀ tó.

Mo ti fi èyí gbá àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi mú rí, ní Bódìjà, ní alẹ́ tí iná lọ. “So pọ̀” ni ọwọ́ kan mú jáde, “dánfó” ni ọwọ́ kejì. Wọ́n kọ́kọ́ wo ara wọn. Kí lèèyàn ń so pọ̀ nínú dánfó? Àgbà wọn, tó ń lọ sí Èkó nígbà ọlidé, ló sọ pé kọ́ńdọ́ máa ń so èrò méjì pọ̀ tí kò bá sí ṣéńjì: á kó owó kan fún ẹni méjì, á ní kí wọ́n lọ pín in nílẹ̀. Páálí Indomie di dánfó. Ẹ̀pà di èrò. A kọ ibi tí èrò kọ̀ọ̀kan ti máa sọ̀ sórí bébà: Dòpẹ̀mú, Mángòrò, Ìkẹjà Along, Bọ́ládé, Ọ̀ṣòdì. A tún kọ owó tó mú wá sí i, ₦500 tàbí ₦1,000. Owó ọkọ̀ jẹ́ ₦250 síbi gbogbo.

Ẹ wo bó ṣe dùn tó. Ẹni tó san ₦500 ń retí ₦250. So méjì irú rẹ̀ pọ̀, ẹyọ owó ₦500 kan á tó wọn. Ẹni tó san ₦1,000 ń retí ₦750. So òun àti ẹni tó san ₦500 pọ̀, ₦1,000 kan ti bọ́ sí i rẹ́gí. Àmọ́ àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ sọ̀ síbì kan náà. Kọ́ńdọ́ ló ń pinnu èrò tó máa gbé àti owó tó máa tọ́jú sọ́wọ́ de iwájú.

Ká sòótọ́, àkọ́kọ́ tí a gbá, ó dà bíi kíláàsì ìṣirò. Wọ́n ń rò, wọ́n ń pa ẹnu mọ́, èyí àárín ti ń yán. Àbígbẹ̀yìn wọn tí kò tíì lè ṣe ìṣirò náà kò rí iṣẹ́ ṣe, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí pariwo lẹ́yìn: “Ṣéńjì mi dà? Ṣéńjì mi dà, kọ́ńdọ́!” Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, kọ́ńdọ́ wa sì ṣi owó kà. A wá sọ ọ́ di òfin: bí o bá pẹ́ kí o tó san ṣéńjì, èrò á máa pariwo, bí ariwo bá tó ẹni mẹ́ta, dẹ́rẹ́bà á dúró, èrò á gbowó wọn padà, wọ́n á sọ̀ lọ láìsanwó. Lẹ́yìn ìyẹn, èyí àárín ní àwọn èrò kan ò gbọdọ̀ gbà kí wọ́n so àwọn pọ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni, bí ìyá àgbà kan ṣe kọ̀ jálẹ̀ lójú rẹ̀ rí. Ó ya ẹ̀pà méjì sọ́tọ̀, ó fi bírò sàmì sí wọn. Nígbà tí iná dé, kò sẹ́ni tó dìde lọ síwájú tẹlifíṣàn.

Ohun tí mo ń fẹ́ kí ẹ rí níbẹ̀, Olùkọ́, ni ibi tí èrò ti ń wọlé. Abọ́ ò fún wọn ní géèmù, ó fún wọn ní ibi tí wọ́n máa fẹsẹ̀ sí. Ariwo yẹn, ọmọ tí kò mọ ìṣirò ló mú un wá, nígbà tí nǹkan ti wà nílẹ̀ tó lè pariwo sí. Nítorí náà ẹ jẹ́ kí ọmọ tó ń wo àjà yẹn jẹ́ ẹni tó ń gbá tàwọn yòókù wò. Ẹ fún un ní bírò, kó máa kọ ibi tí ẹni tó ń gbá bá ti rẹ́rìn-ín, ti bínú, tàbí ti béèrè pé “kí ni kí n ṣe?” sílẹ̀. Láàárín oṣù kan, tirẹ̀ lè dára ju tiwọn lọ.

Tí abọ́ bá sú wọn, eré tó wà nílẹ̀ ò lópin. Bojúbojú, súwè, ẹkùn mẹ́ran, ayò ọlọ́pọ́n pẹ̀lú ihò 12 àti ọmọ ayò 48. Ẹ ní kí wọ́n yí òfin kan padà nínú súwè kó lè di ohun tí ẹni méjì ń fò lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n á jà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jà díẹ̀, òfin tó dáa ló máa ń ti inú irú ìjà bẹ́ẹ̀ jáde.

Nígbà tí iná bá wá dé, ẹ ó rí i pé kọ̀ǹpútà mẹ́ta tó. Tó bá sì jẹ́ pé wọn ò lágbára, ẹ sọ fún àwọn ọmọ pé ní 1978, nígbà tí Tomohiro Nishikado ṣe géèmù Space Invaders fún ilé iṣẹ́ Taito, ẹ̀rọ rẹ̀ kò lè gbé gbogbo ọ̀tá rìn kíákíá lẹ́ẹ̀kan náà. Bí wọ́n bá ṣe ń yìnbọn pa wọ́n, àwọn tó kù á túbọ̀ máa yára, torí iṣẹ́ ẹ̀rọ ti dín kù. Ó rí i, ó dùn mọ́ ọn, ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ̀rù ibẹ̀ gan-an sì ni àwọn èèyàn fẹ́ràn. Ìrùnmú Mario náà, nígbà tí Shigeru Miyamoto ya á fún Donkey Kong ní 1981, torí pé àyè ò sí láti ya ẹnu ni.

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí, ṣé ó burú tí mo bá ní kí AI máa wá èrò géèmù fún mi? — Tèmi Ò Gùn

ÌDÁHÙN: Kò burú, ó kàn máa ń jọra ni. Sọ fún un pé géèmù Yorùbá lo fẹ́, á gbé Ṣàngó, àáké àti igbó dúdú wá. Sọ pé o ò fẹ́ ìyẹn, Ṣàngó á lọ, á mú Ọya bọ̀. Kò tíì rí màmá rẹ níbi tó ti ń fi orúnkún ti ilẹ̀kùn fíríìjì nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì kún, ìwọ ti rí i. Èmi máa ń lò ó láti wá ibi tí kóòdù mi ti já. Èrò, mo fẹ́ràn kí n máa wá a fúnra mi.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ ǹlẹ́ o, Àǹtí. Nọ́ọ̀sì ni mí ní Leicester, ọmọ méjì ni mo bí. Kí n tó kúrò nílé ni mo ti fẹ́ràn láti máa ṣe géèmù kéékèèké. Ní báyìí, tí mo bá ti ibi iṣẹ́ alẹ́ dé, tí mo mú àwọn ọmọ dé ilé ẹ̀kọ́, màá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, orí mi á ṣófo. Tí nǹkan bá sì jàjà wá, dírágónì ni. Mi ò mọ dírágónì kankan rí. — Nọ́ọ̀sì Leicester

ÌDÁHÙN: Ẹ kú wàhálà, ẹ kú àìsùn. Oorun ló ń pa yín, ẹ lọ sùn. Kì í ṣe àwàdà. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ alẹ́ kì í ṣe àkókò tí ẹnikẹ́ni ń ronú ohun tuntun, dírágónì yẹn gan-an jẹ́rìí sí i: orí tó ti rẹ̀, ohun tí ẹlòmíì ti rò ló máa ń gbé jáde.

Ẹ má pe orí tó ṣófo yẹn ní ìdènà, kò yẹ ẹ́. Ẹ ya àkókò kíkó jọ kúrò lára àkókò ṣíṣe. Lójú iṣẹ́ tàbí nínú bọ́ọ̀sì, ẹ gba ohùn sílẹ̀ sórí fóònù, ní Yorùbá, kò ju gbólóhùn kan lọ: ohun tí ọwọ́ ẹnì kan ń ṣe tó gba àròjinlẹ̀. Ọjọ́ ìsinmi ni kí ẹ tó gbọ́ wọn. Eric Barone tó dá géèmù oko Stardew Valley ṣe lo ọdún mẹ́rin àti ààbọ̀ lórí rẹ̀ kó tó jáde ní 2016, ó sì ń ṣiṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ níbi tí wọ́n ti ń fi èèyàn jókòó ní ilé eré kan ní Seattle. Lucas Pope, ará Amẹ́ríkà tó ń gbé ní Japan, rìnrìn àjò, ó ń wo àwọn tó ń yẹ ìwé ìrìnnà wò ní pápákọ̀ òfúrufú bí wọ́n ṣe ń ṣe é: gba ìwé, wo ojú, wo fọ́tò, lu òǹtẹ̀. Ẹ̀yin náà ti tò síwájú irú wọn rí, àyà yín ti já. Papers, Please nìyẹn, ọdún 2013, ẹni tó ń gbá a ló ń lu òǹtẹ̀. Àwa tí a ń bẹ̀rù níwájú irú tábìlì bẹ́ẹ̀ látọdúnmọ́dún, a ò rí i pé géèmù ni.

Ẹ̀yin ti ń gbá ọ̀kan lójoojúmọ́ ní wọ́ọ̀dù. Tí aago ìpè mẹ́ta bá dún pa pọ̀ ní aago mẹ́rin ìdájí, tó jẹ́ pé ẹ̀yin nìkan lẹ wà nítòsí, èwo lẹ máa kọ́kọ́ lọ dá lóhùn? Kí lẹ fi ń mọ̀ ọ́n? Kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí méjì yòókù kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ wọn? Tí ẹ bá ti sùn tó, ẹ kọ èsì yẹn sórí bébà kan, ẹ má fi orúkọ aláìsàn kankan sí i, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí mi kí oṣù tó ń bọ̀ tó parí.